Ẹrù Láìsí Òṣùká: Ọ̀rọ̀ lórí Eyín tí a Rì Mọ́ Eegun Àgbọ̀n

(Ọ̀rọ̀ tí aláyẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wọn ní Bódìjà, Ìbàdàn)

  

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ìwé owó wò ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ eyín. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé mo jẹ́ ọ̀kan. Ìwé ẹ̀yáwó ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú mi. Ní àtijọ́, bí mo bá ṣí fáìlì ẹ̀yáwó, ohun tí mo máa ń rí gẹ́gẹ́ bí ìdí tí ọmọ ẹgbẹ́ fi fẹ́ yáwó ni owó ilé-ìwé ọmọ, páànù òrùlé, owó ọjà, tàbí owó ilé. Ní ìsinsìnyí, mo ti ń rí "eyín" níbẹ̀. Kì í ṣe eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ sínú ife omi ní alẹ́ ni wọ́n ń sọ, bí kò ṣe èyí tí dókítà máa ń rì mọ́ inú eegun àgbọ̀n, tí wọ́n ń pè ní ímpláǹtì. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é yóò yáwó, yóò sì wá onídùúró méjì. Nítorí náà, bí eyín náà bá yẹ̀, kì í ṣe ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni yóò dun èèyàn. Àpò ẹni mẹ́ta ni yóò jò.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Bí iṣẹ́ eyín yìí bá bàjẹ́, irin tí wọ́n rì sínú àgbọ̀n kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ̀bi. Iye ẹrù tí a gbé lé e, ìhà tí ẹrù náà ti wá, àti àkókò tí a gbé e lé e, àwọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí ó bá mọ èyí kí ó tó buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó yóò bi dókítà ní ìbéèrè tí ó tọ́.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1952, dókítà ará Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, ń ṣe ìwádìí lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú eegun. Ó fi ohun èlò kékeré kan tí a fi titanium ṣe sínú eegun ẹsẹ̀ ehoro. Nígbà tí ó fẹ́ yọ ọ́, kò ṣeé yọ mọ́; eegun ti dì mọ́ ọn. Titanium jẹ́ irin fífúyẹ́ tí kì í dípẹtà, tí ara èèyàn kì í sì í sábà kọ̀. Ní ọdún 1965, ní ìlú Gothenburg, Brånemark lo ọgbọ́n yìí fún Gösta Larsson, ọkùnrin tí kò ní eyín ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Larsson fi eyín náà jẹun títí ó fi kú ní ọdún 2006. Ó ju ogójì ọdún lọ. Ní ọdún 1982, Brånemark gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn àgbà dókítà eyín ní ìpàdé kan ní Toronto, ní Kánádà, láti ìgbà náà ni ó sì ti tàn ká ayé.

Ọdún 1965 yẹn kan náà ni a parí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí owó kòkó kọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni a ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ tí a ń wòkè, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ rí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eyín yìí. Adé funfun tí ó wà lókè ni a ń rí nígbà tí ẹni náà bá rẹ́rìn-ín. Irin tí ó gbé e dúró wà nínú eegun, ó dà bí ìṣó tí káfíńtà ń yí wọ inú pákó. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 10, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílímítà 4. Lórí ohun tí kò tó ìdajì ìka yìí ni gbogbo jíjẹ wa yóò máa wó lé.

ÒṢÙKÁ TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ EYÍN

Ẹ wo alábàárù ní ọjà Bódìjà. Kí ó tó gbé àpò ẹ̀wà lé orí, yóò ká aṣọ ní òṣùká. Òṣùká kì í dín ìwọ̀n ẹrù kù, ṣùgbọ́n ó ń tẹ́ ẹrù náà ká gbogbo àtàrí, kì í sì í jẹ́ kí ó gún un lójú kan. Eyín àdáyébá náà ní òṣùká tirẹ̀. Láàárín gbòǹgbò eyín àti eegun, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó kún fún okùn wẹ́wẹ́ àti iṣan ìmọ̀lára. Nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà lọ. Nítorí rẹ̀, bí a bá ń jẹun, eyín máa ń rọra rì díẹ̀, a sì tún padà sí ipò rẹ̀. Òun náà ni ó ń kìlọ̀ fún wa. Bí òkúta bá wà nínú ẹ̀wà, kí ọkàn wa tó rò ó, ẹnu ti yà.

Ímpláǹtì kò ní òṣùká. Irin kan eegun gan-an ni. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kan, eyín àdáyébá lè rì tó ìdá 25 sí 100 lábẹ́ ẹrù, ṣùgbọ́n ímpláǹtì kì í rì ju nǹkan bí ìdá 3 sí 5 lọ. Ìkìlọ̀ rẹ̀ kò sì mú bíi ti eyín àdáyébá. Nítorí náà, ẹni tí ó fi í jẹun lè máa tẹ̀ ẹ́ ju bí ó ṣe yẹ lọ láìmọ̀.

Báwo ni ẹrù náà ṣe wúwo tó? Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pé, bí ó bá fi eyín ńlá ẹ̀yìn gé nǹkan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, agbára náà lè tó ìwọ̀n kìlógírámù 50 sí 70. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógírámù 50. Òtítọ́ ni pé jíjẹ ojoojúmọ́ kì í tó bẹ́ẹ̀. Àmàlà kò tilẹ̀ béèrè eyín rárá! Ṣùgbọ́n eegun ẹran, kúlíkúlí, àgbàdo yíyan tí ó ti gbó, àti orógbó ń béèrè púpọ̀.

Nísinsìnyí, níbo ni ẹrù yìí ń dúró sí? Titanium le ju eegun líle àgbọ̀n lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́jọ. Eegun máa ń tẹ̀ díẹ̀, irin kì í fẹ́ tẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ya àwòrán àgbọ̀n sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á pín in sí ègé wẹ́wẹ́ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á sì ṣírò bí ẹrù ṣe ń tẹ ègé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni pé ọrùn irin náà, níbi tí ó ti wọ inú eegun láti òkè, ni ìnira pọ̀ sí jù lọ, pàápàá bí ẹrù bá ti ẹ̀gbẹ́ wá.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Bí a bá fẹ́ fa òpó ọgbà tu, a kì í kàn fà á lọ sókè. A máa ń mì í sí ọ̀tún, a máa ń mì í sí òsì. Ibi tí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ là ni ẹnu ihò, ní ọrùn òpó náà. Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ yóò tú. Òpó kan náà yìí, bí èèyàn méjì bá jókòó lé e lórí ní ọ̀gánrán, kò ní mì. Ẹrù tí ó ti òkè wá tààrà, eegun lè gbé e. Ẹrù tí ó ń ti òpó láti ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀tá.

OHUN ALÀÀYÈ NI EEGUN

Eegun kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ni ara ń jẹ ògbólógbòó eegun, tí ó sì ń hu tuntun. Ní ọdún 1892, dókítà ará Jámánì kan, Julius Wolff, kọ ìwé tí ó fi hàn pé eegun máa ń tún ara rẹ̀ mọ ní ìbámu pẹ̀lú ẹrù tí ó ń gbé. Ní ọdún 1987, ará Amẹ́ríkà kan, Harold Frost, fi ìṣirò kún un. Bí ẹrù bá kéré jù, ara yóò rò pé kò sí ìwúlò fún eegun náà, yóò máa jẹ ẹ́ kúrò. Bí ẹrù bá wà ní ìwọ̀n, eegun yóò dúró tàbí kí ó le sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá mú kí eegun tẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 3,000 nínú mílíọ̀nù kan lọ (bí ẹni pé mílímítà 3 yẹ̀ nínú mítà kan), ìpalára wẹ́wẹ́ yóò máa ṣẹlẹ̀ kíákíá ju bí ara ṣe lè tún un ṣe lọ.

Ìdí nìyí tí àgbọ̀n fi máa ń rù lẹ́yìn tí a bá yọ eyín. Láàárín oṣù 12, fífẹ̀ eegun ibẹ̀ lè dín kù tó ìdajì. Eyín tí a rì mọ́ eegun ń fún eegun náà ní iṣẹ́ ṣe, àǹfààní rẹ̀ gidi sì nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ kò rí i pé òfin ẹgbẹ́ wa gan-an ni? Owó tí ó dùbúlẹ̀ sínú àpótí kì í bímọ. Owó tí a yá jáde ju agbára ẹgbẹ́ lọ, òun ni ó ń pa ẹgbẹ́. Àárín méjèèjì ni ìlera wà.

OHUN TÍ Ó Ń SỌ ẸRÙ DI ÀPỌ̀JÙ

Èkíní ni ìkánjú. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ara máa ń jẹ díẹ̀ nínú eegun tí ó kọ́kọ́ di irin mú, kí tuntun tó hù. Nítorí náà, irin tí ó le gírígírí ní ọjọ́ tí wọ́n rì í lè rọ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin. Bí ẹrù bá wá ń mì í ní àkókò yìí, ju nǹkan bí ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ, ẹran ara ni yóò hù yí i ká dípò eegun, kò sì ní dì mọ́ ọn mọ́. Nítorí èyí ni Brånemark fi máa ń dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti oṣù mẹ́fà ní àgbọ̀n òkè, tí eegun rẹ̀ rọ̀ jù. Lóde òní, àwọn dókítà máa ń fi adé sí i kíákíá fún àwọn kan, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kan náà, bí eegun bá le dáadáa tí àwọn òpó sì pọ̀ tó láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni ó ń sọ èyí, kì í ṣe ìkánjú aláìsàn.

Èkejì ni òpó díẹ̀ lábẹ́ eyín púpọ̀. Ẹ jókòó sí ṣóńṣó bẹ́ǹṣì, kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ẹ ó rí bí ìdí kejì yóò ṣe gbé sókè. Bí adé eyín bá yọ jáde kọjá òpó tí ó gbé e dúró, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe sí eegun nígbà gbogbo tí a bá jẹun lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni eyín tí ó ga jù tàbí tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́. Bí òpó ṣe ga tó ni ọwọ́ tí ó ń tì í ṣe ń lágbára tó. Dókítà tí ó mọṣẹ́ yóò ṣe orí eyín náà kí ó tẹ́ díẹ̀, yóò sì yẹ bí eyín òkè ṣe ń pàdé tìsàlẹ̀ wò, kí eyín ìrìmọ́ yìí má baà máa gba ẹrù ṣáájú àwọn tó kù.

Ẹ̀kẹrin ni ìpayínkeke lójú oorun. Ẹni tí ó ń payín keke kì í mọ̀, ẹni tí ó bá sùn tì í ni ó ń gbọ́. Ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń sùn léèrè kí ẹ tó lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún un. Ó lè ṣe ìbòrí eyín tí ẹ ó máa fi sùn.

Ẹ̀karùn-ún ni àṣà ọwọ́ ara wa: fífi eyín ṣí ìdérí ìgò mínírà, fífi eyín fọ́ èkùrọ́, àti rírún eegun ẹran mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ajá ń dúró láti gbà á.

Síbẹ̀, kí n má tàn yín: ẹrù nìkan kọ́ ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ìdọ̀tí tí ó bá kó sí ẹran ìdí eyín, sìgá mímu, àti àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú máa ń jẹ eegun yí irin ká. Ní ọdún 1996, ọ̀mọ̀wé ará Denmark kan, Flemming Isidor, fi ọ̀bọ ṣe ìdánwò, ó sì rí i pé àpọ̀jù ẹrù lásán lè mú kí eegun já irin sílẹ̀. Àwọn mìíràn ṣe ìdánwò tiwọn, wọn kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹnu bá mọ́. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ohun tí gbogbo wọn fara mọ́ ni pé, bí ìdọ̀tí àti àpọ̀jù ẹrù bá pàdé ní ẹnu kan, eegun ni yóò san gbèsè náà.

OHUN TÍ Ó KAN ẸGBẸ́

Nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń yẹ ìwé wọn wò, ìyá oníṣòwò kan yáwó oṣù 24 láti fi ṣe eyín ẹ̀yìn mẹ́ta ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ ní òpó méjì, ó kéré tán. Owó tí ìyá ní kò ká a. Ilé ìtọ́jú mìíràn, tí n kò ní dárúkọ, gbà láti fi òpó kan gbé eyín méjì, kí ọ̀kan yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi adé sí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí ó tó pé oṣù 11, gbogbo rẹ̀ ti ń mì. Nígbà tí wọ́n yọ irin náà jáde, odidi ni. Kò ṣẹ́, kò tẹ̀. Eegun ni ó ti lọ. Oṣù 13 ṣì kù lórí ẹ̀yáwó náà. Ìyá kò lè san mọ́, àwọn onídùúró méjì bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ìjà sì dé ìpàdé gbogboogbò. Onídùúró ni òṣùká ẹ̀yáwó, ṣùgbọ́n òṣùká kì í ṣe orí kejì.

Nítorí èyí, mo fẹ́ dá ìmọ̀ràn mẹ́rin fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó.

1. Kí ọmọ ẹgbẹ́ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà eyín tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria. Kí ìwé náà sọ iye òpó, iye eyín tí wọn yóò gbé, oṣù tí a ó fi dúró, àti gbogbo owó rẹ̀, títí kan adé àti àyẹ̀wò. Ní Ìbàdàn níbí, UCH tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1957 ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín tirẹ̀; kò sí ohun tí ó burú nínú kí a lọ gba ìmọ̀ràn kejì níbẹ̀.

2. Kí ẹgbẹ́ má ṣe kó gbogbo owó náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a san ti òpó ní àkọ́kọ́. Kí ti adé dúró títí dókítà yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé eegun ti dì mọ́ irin. Èyí yóò dáàbò bo owó ẹgbẹ́, yóò sì tún dáàbò bo àgbọ̀n ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ìkánjú.

3. Kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó náà fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Adé tí ìdè rẹ̀ tú díẹ̀, bí a bá tètè rí i, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Bí a bá fi í sílẹ̀, eegun ni yóò tú.

4. Bí owó kò bá tó iye òpó tí dókítà sọ, kí a má ṣe dín òpó kù láti fi bá owó mu. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tún fi owó pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ó lo eyín àtọwọ́dá tí a ń yọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó sàn kí eyín sùn sínú ife omi ju kí gbèsè máa gbé orí ibùsùn sùn tini.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin lẹ ni òwe: àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Kì í ṣe pé ọmọdé kò níyì. Ọrùn rẹ̀ ni kò tíì gbó. Bẹ́ẹ̀ ni eegun tí kò tíì dì, bẹ́ẹ̀ náà ni òpó kan lábẹ́ eyín méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni owó oṣù kékeré lábẹ́ ẹ̀yáwó ńlá. Bí mo bá tún dé láti yẹ ìwé yín wò, tí mo sì rí "eyín" nínú fáìlì, inú mi yóò dùn bí mo bá rí ìwé dókítà lẹ́yìn rẹ̀, kí n lè ka iye òpó, kí n sì ka iye oṣù.

 Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ wa yóò máa dàgbà o.